Àwọn Ọmọ Ìyá Létí Odò Weser

Òjò wínníwínní ń rọ̀ ní Frankfurt láàárọ̀ ọjọ́ tí mo dé. Àbúrò mi ti dúró dè mí ní pápákọ̀ òfurufú, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí mo rí kẹ́yìn nígbà tó ṣì ń rá kiri ilé ìyá wa ní Ìbàdàn. Àbúrò mi fọwọ́ kan ilẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu ọ̀nà." Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀ lójú, òun náà fọwọ́ kan ilẹ̀.

Mo ti ránṣẹ́ sí i ṣáájú pé n kò wá nájà, n kò sì wá ya fọ́tò níwájú ilé aláràbarà. Ogun kan ni mo wá tọ ipasẹ̀ rẹ̀, èyí tí Róòmù bá àwọn ẹ̀yà Jámánì jà lódìkejì odò Rhine ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn. Késárì Ògọ́sítù tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú ìwé Lúùkù, ẹni tó pàṣẹ pé kí gbogbo ayé lọ kọ orúkọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ bí Jésù, òun gan-an ni ogun yìí kó ìbànújẹ́ bá nígbà ogbó rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn Késárì yẹn, ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó ka ti ogun náà, láti ìgbà náà ni kò sì ti kúrò lọ́kàn mi.

"Ọdún kọkànlá mi rèé nílẹ̀ yìí," àbúrò mi wí bí a ti ń kẹ́rù sínú ọkọ̀, "mi ò dé ọ̀kan ṣoṣo rí nínú àwọn ibi tí ẹ kọ sílẹ̀ wọ̀nyí."

Mainz ni a kọ́kọ́ yà sí, torí kò jìnnà. Drusus ló tẹ ibẹ̀ dó fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 13 kí wọ́n tó bí Jésù. Livia ìyàwó Késárì ló bí Drusus fún ọkọ àárọ̀ rẹ̀, Tìbéríù sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Tìbéríù kan náà tó jọba lẹ́yìn Ògọ́sítù, tí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú nígbà tirẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni Drusus fi gbé ogun kọjá Rhine léraléra, títí ó fi dé odò Elbe níbi tí ọmọ ogun Róòmù kankan kò dé rí. Bó ti ń padà bọ̀ ni ẹṣin ṣubú lé e, ó sì kán an lẹ́sẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló fi jẹ̀rora kó tó kú, ọmọ ọdún 29.

Ítálì ni Tìbéríù wà nígbà tí ìròyìn kàn án. Ó gun ẹṣin tọ̀sán-tòru, igba máìlì ti Róòmù ni wọ́n ní ó rìn láàárín ọjọ́ kan, ó sì bá àbúrò rẹ̀ láàyè. Lẹ́yìn tí ẹ̀mí bọ́, ó ṣíwájú òkú náà, ó fẹsẹ̀ rìn láti inú ilẹ̀ Jámánì títí dé Róòmù. Àwọn òpìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ Tìbéríù dáadáa, ìwà ìkà tó hù nígbà tó jọba sì pọ̀. Síbẹ̀, nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, ìrìn yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Àwọn ọmọ ogun mọ ilé ìrántí fún Drusus ní Mainz, ó ṣì wà lórí òkè nínú odi àtijọ́ ìlú náà títí dòní. Ó ga tó mítà 20. Òkúta dídán tí wọ́n fi bò ó lára ti di ohun tí àwọn ènìyàn kó lọ kọ́lé, ohun tó kù dà bí eyín àgbà tó ti jẹ. A rọ̀gbà yí i ká. Ọmọ náà bi mí bóyá òkú wà nínú rẹ̀. Mo ní kò sí, Róòmù ni wọ́n gbé òkú lọ, ibojì òfìfo ni. Ó ní kí ló dé tí wọ́n wá kọ́ ọ? Bàbá rẹ̀ dáhùn kí n tó lanu: "Torí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀."

Ibojì òfìfo kejì wà nínú mùsíọ́mù kan ní Bonn, ìyẹn ló sì jẹ́ ìdí tí mo fi rìnrìn àjò yìí, ká má tan ara wa jẹ. Nítòsí Xanten ni wọ́n ti rí i ní 1620. Òkúta náà kò ga ju ọmọ kékeré lọ. Wọ́n gbẹ́ àwòrán ọkùnrin kan sí i: adé ewé lórí, ẹ̀gbà lọ́rùn, àmì ẹ̀yẹ káàkiri àyà, ọ̀pá igi àjàrà lọ́wọ́, irú ọ̀pá tí balógun ọ̀rún fi ń na ọmọ ogun tó bá ṣàṣìṣe. Marcus Caelius lorúkọ rẹ̀, ọmọ Bologna. Lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ orí ọkùnrin méjì sí, Privatus àti Thiaminus, àwọn ẹrú rẹ̀ tí ó ti dá sílẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ní èdè Látìnì sọ pé ẹgbẹ́ ogun kejìdínlógún ló wà, ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ààbọ̀ ni, inú ogun Varus, ogun tí mo wá tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ló kú sí. Ó tún sọ pé arákùnrin rẹ̀ Publius ló ṣe òkúta náà fún un. Gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ tó fi àyè sílẹ̀ pé kí wọ́n kó egungun wá síbẹ̀.

Mo pẹ́ níwájú gbólóhùn yẹn. Publius kò rí òkú arákùnrin rẹ̀ sin. Ó gbẹ́ òkúta, ó ya ojú rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yẹ tó gbà láyé, ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹnìkan yóò bá egungun bọ̀ lọ́jọ́ kan. Nínú gbogbo òkúta tí Róòmù gbẹ́, òun nìkan la mọ̀ tó dárúkọ ogun náà fún ẹni tó bá a lọ.

Alẹ́ ọjọ́ náà ní Köln, ìyàwó àbúrò mi se ẹ̀gúsí, a fi iyán ìyẹ̀fun jẹ ẹ́. Róòmù náà ló sọ ìlú yìí lórúkọ, torí láti ara Colonia ni Köln ti wá. Nígbà tí ọmọ ti sùn, àbúrò mi fi ìwé kan hàn mí tí ó tọ́jú sínú dúrọ́ọ̀. Ó ti di ọmọ ilẹ̀ Jámánì lọ́dún tó kọjá. "Màmá bi mí lórí fóònù," ó wí, "wọ́n ní ṣé mo ṣì jẹ́ ọmọ àwọn. Mo ní, 'Màmá, ìwé lásán ni.' Wọ́n ò dáhùn. Wọ́n kàn ní kí n gbé fóònù fún ọmọ àwọn." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. N kò mọ èsì tí n bá fún un. Mo ní kí a lọ sùn torí ọ̀nà wa jìn lọ́la.

Ọ̀nà Kalkriese, ibi tí mo gbà pé ogun náà ti ṣẹlẹ̀, gba inú oko àgbàdo àti pápá màlúù lọ, ìhà àríwá Osnabrück. Nínú ọkọ̀ ni mo ti sọ ìtàn Varus fún wọn.

Lẹ́yìn Drusus, Róòmù rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n ti kọ́ bárékè sí etí odò Lippe ní Haltern, wọ́n sì ti ń kọ́ ìlú sí ibi tí wọ́n ń pè ní Waldgirmes lónìí, tí wọ́n gbé ère ẹṣin onígóòlù sí gbàgede rẹ̀. Ní 2009, àwọn awalẹ̀pìtàn rí orí ẹṣin náà nísàlẹ̀ kànga. Ẹni tí ń gbé ẹṣin onígóòlù sí gbàgede kò ní i lọ́kàn láti kó kúrò. Ògọ́sítù wá rán Quinctilius Varus láti lọ ṣe gómìnà. Varus ti ṣe gómìnà Síríà rí. Nígbà tí àwọn Júù ṣọ̀tẹ̀ lẹ́yìn ikú Hẹ́rọ́dù, nǹkan bí ẹgbàá ènìyàn ni ó kàn mọ́ àgbélébùú. Ọwọ́ tó fi mú Síríà náà ló fẹ́ fi mú ilẹ̀ igbó yìí. Ó ń gbowó orí lọ́wọ́ wọn, ó ń pe ẹjọ́ wọn síwájú ara rẹ̀, ó ń fi òfin ilẹ̀ òkèèrè dá a.

Ẹni tó sún mọ́ ọn jù nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ ni Arminius, ọmọ ìjòyè nínú ẹ̀yà Cherusci. Róòmù ló kọ́ ọ níṣẹ́ ogun. Ó ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jagun fún Róòmù, wọ́n sọ ọ́ di ọmọ Róòmù, wọ́n sì fi í sí ipò àwọn ẹlẹ́ṣin, ipò tó ga. Kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó ń bá Varus jẹun lórí tábìlì kan. Segestes, ìjòyè Cherusci mìíràn, bẹ Varus níbi àsè pé kí ó de gbogbo wọn mọ́lẹ̀, títí kan òun Segestes fúnra rẹ̀, kí ó tó mọ ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀tẹ̀. Varus kò gbà á gbọ́.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 9 lẹ́yìn tí wọ́n bí Jésù ni Varus ń kó ogun rẹ̀ padà láti etí Weser lọ sí Rhine, níbi tí wọn yóò ti lo ìgbà òtútù. Ẹgbẹ́ ogun ńlá mẹ́ta, tí wọ́n ń pè ní légíónì, ni, ìkẹtàdínlógún, ìkejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ṣin àti àwọn ọmọ ogun tí wọ́n gbà kún wọn. Obìnrin, ọmọdé, ẹrú, ìbaaka àti kẹ̀kẹ́ ẹrù tún wà láàárín wọn. Ìròyìn dé pé àwọn kan ṣọ̀tẹ̀ lápá ibì kan, Varus sì yà kúrò lójú ọ̀nà tó mọ̀. Arminius tọrọ ààyè pé òun fẹ́ lọ kó àwọn ènìyàn òun wá ràn án lọ́wọ́. Àwọn tó lọ kó ti wà níbùba tipẹ́.

Kalkriese rí bí mo ṣe rò ó, ó sì tún yàtọ̀. Òkè ni lápá gúúsù, kò ga púpọ̀, igi bò ó. Lápá àríwá, àbàtà ńlá ló wà láyé ìgbà náà. Lónìí wọ́n ti fa omi rẹ̀, ó ti di oko. Àlàfo tóóró tó wà láàárín wọn ni ogun tó bá ń bọ̀ láti ìlà oòrùn gbọ́dọ̀ gbà. Mọ̀ pé òjò ń rọ̀ nígbà náà, afẹ́fẹ́ ń wó ẹ̀ka igi, asà ti mu omi tó fi wúwo, ẹsẹ̀ ń rì sínú ẹrẹ̀, ìlà àwọn ọmọ ogun sì ti fà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni iwájú kò lè gbọ́ igbe ẹni ẹ̀yìn. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni wọ́n fi ń pa wọ́n bí wọ́n ti ń rìn.

Theodor Mommsen, òpìtàn Jámánì, ti tọ́ka sí agbègbè yìí láti 1885 nítorí owó Róòmù tí àwọn àgbẹ̀ ń rí nínú oko, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò gbà. Tony Clunn, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n rán wá sí Osnabrück, ló yí ọ̀rọ̀ náà padà ní 1987, tòun ti ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú ilẹ̀. Ó rí owó fàdákà. Lọ́dún kejì ó rí ọta kànnàkànnà tí wọ́n fi òjé ṣe, ìyẹn sì ni ẹ̀rí pé ọmọ ogun ti gba ibẹ̀ kọjá. Láti 1989 ni wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ náà. Nínú owó tí wọ́n rí, ọ̀pọ̀ wà tí wọ́n tẹ lẹ́tà VAR mọ́ lára, àmì Varus fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ṣì ń jiyàn pé ogun mìíràn tó wáyé ní ọdún 15 ni. Èmi rí ohun tí wọ́n tò sínú gíláàsì ibẹ̀, n kò sì bá wọn gbà.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìbòjú irin, tí ẹlẹ́ṣin kan máa ń so mọ́ àṣíborí. Wọ́n rí i ní 1990. Fàdákà ni wọ́n fi bò ó tẹ́lẹ̀, àwọn tó kó ìkógun ti bó o lọ, ó ku irin àti ihò ojú méjì. Àwọn ènìyàn máa ń ya fọ́tò rẹ̀. Èmi kò lè wò ó pẹ́.

Ohun kejì ni agogo ìbaaka. Ìdí odi kan ni wọ́n ti rí egungun ẹranko náà pẹ̀lú agogo lọ́rùn, wọ́n sì ti ki koríko bọ inú agogo náà kí ó má baà dún. Ọmọ àbúrò mi bèèrè ìdí. Mo ní, àwọn tó ń sá, wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìró àwọn. Ó dákẹ́ títí. Ẹni tó ki koríko yẹn bọ inú agogo, a kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ bí ẹ̀rù ti bà á tó, a mọ̀ pé orí rẹ̀ ṣì pé, ó ṣì ń wá ọ̀nà àtiyè.

Ohun kẹta ni ìgbàyà irin kan tí wọ́n rí ní 2018, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé pérépéré. Ní ibi èjìká rẹ̀, wọ́n bá ṣẹkẹṣẹkẹ irin tí wọ́n fi ń so ọrùn mọ́ ọwọ́. Irú èyí ni Róòmù fi ń de àwọn tí wọ́n bá kó lẹ́rú. Ọmọ ogun Róòmù kan kú síbẹ̀ pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ Róòmù lọ́rùn rẹ̀.

Ó sì wá ku àwọn kòtò egungun. Mẹ́jọ ni wọ́n rí, egungun ènìyàn àti ti ẹranko dàpọ̀ nínú wọn. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé egungun wọ̀nyí ti wà lórí ilẹ̀ gbalasa fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú oòrùn àti òjò kí ẹnìkan tó kó wọn jọ sin. Ohun tí Tacitus, òpìtàn Róòmù, kọ sílẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó ní ní ọdún 15, ọdún kẹfà lẹ́yìn ogun náà, Germanicus ọmọ Drusus kó ogun dé ibẹ̀. Wọ́n bá egungun funfun nílẹ̀, òmíràn fọ́n ká níbi tí wọ́n ti ń sá, òmíràn gbá jọ níbi tí wọ́n ti dúró jà. Wọ́n bá agbárí tí wọ́n kàn mọ́ igi. Àwọn díẹ̀ tó yè nínú ogun náà tẹ̀lé wọn, wọ́n ń fọwọ́ júwe ibi tí ọ̀gá àwọn ṣubú sí. Wọ́n sin gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá egungun ẹbí òun ni òun gbé lọ́wọ́ tàbí ti àjèjì, wọ́n sì sin gbogbo rẹ̀ bí ẹni sin ẹbí. Germanicus ló kọ́kọ́ da ilẹ̀ lé wọn. Nígbà tí Tìbéríù gbọ́ ní Róòmù, kò dùn mọ́ ọn nínú.

Mo jáde síta, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bóyá Marcus Caelius wà nínú ọ̀kan nínú kòtò wọ̀nyẹn, ẹ̀gbẹ́ ìbaaka. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sin ín bí ọmọ ẹbí. Publius ì bá fẹ́ mọ̀.

Varus ti pa ara rẹ̀ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Orí rẹ̀ ni Arminius gé ránṣẹ́ sí Maroboduus, ọba àwọn Marcomanni, ó fẹ́ kí ó dara pọ̀ mọ́ òun. Maroboduus kò dara pọ̀, ó fi orí náà ránṣẹ́ sí Ògọ́sítù, Ògọ́sítù sì sin ín sí ibojì ìdílé Varus. Àwọn òpìtàn ní Késárì arúgbó náà jẹ́ kí irùngbọ̀n rẹ̀ kún fún oṣù púpọ̀, ó ń forí gbá ilẹ̀kùn, ó ń ké pe Varus tó ti kú pé kí ó dá légíónì òun padà. Láti ọjọ́ náà, Róòmù kò fún ẹgbẹ́ ogun kankan ní nọ́ńbà mẹ́ta wọ̀nyẹn mọ́.

Detmold kò jìnnà púpọ̀ sí Kalkriese, ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan nínú ọkọ̀. Lórí òkè ibẹ̀ ni ère Arminius wà, tí àwọn Jámánì sọ orúkọ rẹ̀ di Hermann. Ó ga ju mítà 53 lọ, idà ọwọ́ rẹ̀ nìkan tó mítà méje. Ernst von Bandel bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1838. Ọdún 37 ni iṣẹ́ náà gbà, ó ná gbogbo ohun tó ní lé e lórí, ó ń gbé inú ahéré nítòsí rẹ̀. Kaiser Wilhelm wá ṣí i ní 1875, ọdún kẹrin lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Fáransé, apá ìwọ̀ oòrùn, níhà Fáransé, ni ère náà sì kọjú sí. Igbó tó wà níbẹ̀ pàápàá, Osning ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, inú ìwé Tacitus ni wọ́n ti yọ Teutoburg tí wọ́n fi sọ ọ́.

Iṣẹ́ ńlá ni, mo bọ̀wọ̀ fún Bandel. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó wà lókè yẹn dá wà, ìyẹn kò sì jẹ́ òótọ́. Thusnelda ìyàwó rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ọmọ Segestes, tí Arminius gbé sá lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ ti fi í fún ẹlòmíràn. Bàbá náà gbà á padà, ó sì fà á fún Germanicus ní ọdún 15 pẹ̀lú oyún nínú. Tacitus ní kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀, ó kàn di ọwọ́ pọ̀, ó ń wo ikùn rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 17, wọ́n wọ́ ọ kọjá ní ìgboro Róòmù níbi ìwọ́de ìṣẹ́gun, òun àti Thumelicus ọmọ rẹ̀. Segestes bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, àlejò pàtàkì, ó ń wò wọ́n. Arminius kò fojú kan ọmọ náà rí. Mo wo idà olómítà méje yẹn, mo ń rò ó pé kò sí ohun tí ó lè ṣe nípa èyí.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ni a dé Corvey, etí Weser, lẹ́bàá Höxter. Ilé àwọn mọ́ńkì ni tẹ́lẹ̀, láti 822. Ilé tó dákẹ́ ni, odò ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ fi parí ìrìn mi, torí ìwé. Mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú ìwé ìtàn ọdọọdún tí Tacitus kọ, ẹ̀dà àtijọ́ kan ṣoṣo ló kù láyé, ibí sì ni ó wà tẹ́lẹ̀. Ní nǹkan bí 1508 ni wọ́n mú un kúrò lọ sí Róòmù, ó dé ọwọ́ Pópù Leo X, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1515. Florence ló wà báyìí. Bí iná bá ti jó o tàbí tí eku bá ti jẹ ẹ́, a kì bá tí gbọ́ nípa ìsìnkú egungun yẹn, a kì bá tí mọ̀ nípa ọwọ́ dídì Thusnelda, a kì bá sì tí mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ tí Arminius àti arákùnrin rẹ̀ bá ara wọn sọ létí odò yìí.

Flavus ni Róòmù ń pè é, nítorí irun orí rẹ̀ tó pọ́n bí oyin. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Arminius pa légíónì mẹ́ta, Flavus kò kúrò lẹ́yìn Róòmù. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́ lójú ogun lábẹ́ Tìbéríù. Ní ọdún 16, Germanicus dó sí bèbè kan odò Weser, àwọn Cherusci wà lódìkejì, Arminius sì bèèrè bóyá àwọn yóò jẹ́ kí òun bá arákùnrin òun sọ̀rọ̀. Wọ́n gbà. Wọ́n ní kí àwọn tafàtafà sún sẹ́yìn.

Arminius kọ́kọ́ bi í pé kí ló ṣe é lójú. Flavus sọ orúkọ ibi tí wọ́n ti jà. Ó bi í pé kí ni wọ́n fún un dípò rẹ̀. Flavus ka owó oṣù tí wọ́n fi kún, ẹ̀gbà ọrùn, adé. Arminius fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní owó ẹrú kò gbówó lórí. Flavus ní agbára Késárì kò ṣe é kò lójú, ó ní ẹni tó bá túúbá yóò rí àánú gbà, pé wọn kò fìyà jẹ Thusnelda àti ọmọ rẹ̀. Arminius dárúkọ ilẹ̀ bàbá wọn, àwọn òrìṣà ilé wọn, ó sì dárúkọ ìyá wọn. Ó ní àwọn méjèèjì ni àwọn jọ ń bẹ̀ ẹ́, òun àti ìyá wọn. Láti ibẹ̀ ó di èébú. Flavus bèèrè ẹṣin àti ohun ìjà, ó fẹ́ wọ odò, àwọn ènìyàn ló dì í mú. Arminius ń pariwo lódìkejì, Látìnì pọ̀ nínú ohun tó ń sọ, torí inú bárékè Róòmù ló ti kọ́ bí wọ́n ti ń pàṣẹ.

Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi létí omi. Ó ń wo bèbè kejì. Weser kò fẹ̀ níbẹ̀; bí ẹnìkan bá pè ọ́ láti ọ̀hún, o máa gbọ́ ọ.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí wọn?" ó bi mí.

Mo ní Germanicus ṣẹ́gun nínú ogun yẹn, Arminius fi ẹ̀jẹ̀ para lójú kí wọ́n má baà dá a mọ̀, ó sì bọ́. Tìbéríù, tó ti di Késárì, pe Germanicus padà. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Rhine wá di ibodè. Ọdún 21 ni àwọn ẹbí Arminius fúnra wọn pa á, torí wọ́n ní ó fẹ́ fi ara rẹ̀ jọba lé àwọn lórí, ọmọ ọdún 37. Àwọn Cherusci ń pa ara wọn títí ó fi jẹ́ pé ẹnì kan péré ló kù nínú ìdílé ọba. Ní ọdún 47, wọ́n ránṣẹ́ sí Róòmù pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fi í fún àwọn. Ọmọ Flavus ni. Róòmù ni wọ́n bí i sí, Italicus ni wọ́n sọ ọ́. Késárì Claudius fún un lówó àti ẹ̀ṣọ́, ó ní kí ó máa lọ. Àwọn kan yọ̀ mọ́ ọn. Àwọn mìíràn ní ọmọ amí ni, wọ́n lé e jáde, àwọn ará ibòmíràn sì tún mú un padà.

"Ó gbọ́ èdè wọn?"

Mo ní Tacitus kò kọ ìyẹn.

Fóònù mi dún. Ìyá wa ni. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun, wọ́n ní òtútù ibẹ̀ ńkọ́, wọ́n ní ogun wo gan-an ni mo wá wò nílẹ̀ onílẹ̀. Mo fi fóònù lé àbúrò mi lọ́wọ́. Ó kí wọn, ó gbọ́ díẹ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó pe ọmọ rẹ̀, tó ń kó òkúta wẹ́wẹ́ jọ nísàlẹ̀ bèbè. Mo gbọ́ ohùn ìyá wa láti ibi tí mo dúró sí, wọ́n ń pe orúkọ oríkì tí àwọn fi fún ọmọ náà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Àkànní, Àkànní, bí ẹni tó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ náà da òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ kan koríko, ó sì gba fóònù.